Mo Wá Àṣàkẹ́ Lọ sí Accra

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo gbé báàgì mi jáde nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó so kọ́kọ́rọ́ yàrá Àṣàkẹ́ mọ́ etí ìró rẹ̀ bí ó ti máa ń so ó. Àṣàkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Accra ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde lọ́dún 1969, gbogbo ìdílé wálé, àfi Àṣàkẹ́ tó ti fẹ́ apẹja kan, ọmọ Ga, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Accra. Bàbá wọn bínú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà sí i. Ìyá wọn ló yọ yàrá kan sọ́tọ̀ fún un tó sì tì í pa.

Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ Àṣàkẹ́ ló gbé mi dìde. Yàrá náà kọjú sí títì, mo sì fẹ́ fi í ṣe ṣọ́ọ̀bù fún ìyàwó mi tó ń ta aṣọ lórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn. Àdéhùn èmi àti ìyá mi ni pé bí mo bá gbọ́ dájú pé Àṣàkẹ́ ti kú, yóò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà.

Mo sùn sí Èkó, mo wọ bọ́ọ̀sì ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ọ̀nà Benin àti ti Togo dán ju tiwa lọ. Ẹnubodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ àkókò. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí a dé ibùdókọ̀ Tudu, láàárín gbùngbùn Accra. Ìyá Mùíbà, ọmọ ìlú wa tí wọ́n bí síbẹ̀ tó sì ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Tudu, ló wá pàdé mi. Nima ló ń gbé. Agboolé ibẹ̀ fara pọ̀ bíi tiwa nílé, mọ́sálásí sì pọ̀ débi pé bí ọ̀kan bá ń pe ìrun parí, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo dá lọ sí Tudu. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kí wọn, mo sì ń béèrè Àṣàkẹ́ tó ta ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n kàn ń mirí ni. Ẹnì kan ní kí n lọ sí Lapaz, pé ibẹ̀ ni àwa ará Nàìjíríà pọ̀ sí. Mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò wọn. Méètì, ìyẹn kọ́ńdọ́kítọ̀, gba sídì mẹ́fà, owó wọn, lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní ṣéńjì láìjẹ́ pé mo bá a jà. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Oríta ńlá ni Lapaz, ó kún fún ṣọ́ọ̀bù fóònù, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ orí. Mo jẹ kẹ́ǹkẹ́ kí n tó padà. Bí ẹ̀kọ tó kan ni, ó le díẹ̀, ewé àgbàdo ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, ata dúdú àti ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá Mùíbà, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Bùrọ̀dá, o dúró lẹ́nu ọ̀nà o ń béèrè èèyàn bí ọlọ́pàá? Níbí, wàá jókòó, wọ́n á fún ẹ lómi, wàá mu ún. Ìgbà tí wọ́n bá wá bi ẹ́ ní amaneɛ, pé kí ló gbé ẹ wá, ìgbà yẹn lo tó lè jíṣẹ́."

Èmi tí mò ń fi ìkíni yangàn! Lọ́jọ́ kẹta òun fúnra rẹ̀ mú mi lọ bá bàbá kan tó ń ta ìkòkò ní Tudu. A jókòó, a mumi, bàbá náà béèrè amaneɛ. Ìyá Mùíbà sọ ọ́ ní èdè Twi. Bàbá ronú díẹ̀, ó ní òun mọ Alata tó fẹ́ apẹja. Kí a lọ sí James Town, kí a béèrè ilé àwọn obìnrin nítòsí ilé gíga oníná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá.

Etí òkun ni James Town wà, níbi tí ọkọ̀ òkun àtijọ́ ti ń já ẹrù. Èéfín ẹja gba gbogbo rẹ̀. Àdúgbò kan níbẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ Alata. Nínú àṣà àwọn Ga àtijọ́, ìyàwó àti àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ ń gbé ilé tiwọn, ọkọ ń gbé ilé àwọn ọkùnrin. Nílé wa, bí ìyàwó bá ń gbé ọ̀tọ̀, a ó ní ó ti kọ ọkọ.

Nílé àwọn obìnrin náà, obìnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún ló gbé omi fún mi. Dedei ni orúkọ rẹ̀. Mo mu omi náà tán pátápátá kí ó tó béèrè, mo sì jíṣẹ́, Ìyá Mùíbà ń túmọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú mi títí. Ó ní ìyá òun ni Àṣàkẹ́, ó sì ti kú, ó pẹ́.

Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan. Nígbà tí wọ́n ń lé àwọn àjèjì, ìyá ọkọ Àṣàkẹ́ ló fi í pamọ́ síbẹ̀. Yàrá ìyá ọkọ náà ni. Ó gbé e sílẹ̀ fún àlejò, òun sì ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá Alata ni wọ́n ṣì ń pè é. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àṣàkẹ́ kò relé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá a tan dìde fún un. Ojú tì mí gan-an.

Dedei wá gbìyànjú Yorùbá tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. "Ní ilé yín, wọ́n mọ orúkọ màmá mi?"

Mo ní, "Yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì sùn nínú rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ bojú, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi dìde lórí àga kí n tó gbé báàgì kalẹ̀. Mo ní kó jókòó ná, kó fún mi lómi. Mo mu ún. Ìgbà náà ni mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, mo sì sọ ti ìyá ọkọ tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìró rẹ̀, ó ní, "Gbà, àdéhùn ni."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà. Mo ṣí yàrá, mo gbá a, mo ra bẹ́ẹ̀dì sí i, nítorí Dedei ní òun yóò wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyàwó mi ṣì ń ta aṣọ lábẹ́ agboòrùn. Mo ti ra agboòrùn tuntun fún un.