Ilẹ̀kùn Tí A Máa Ń Tì Lọ́sàn-án Gangan

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọmọ mi ní Adígbẹ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Oòrùn wà ní àtàrí. Bí aládùúgbò wa ṣe fa géètì rẹ̀ pa gbàgà báyìí, ara mi bù máṣọ. Agboolé tí wọ́n bí mi sí lẹ́bàá Ìtòkú ni ìró náà gbé mi padà sí, nígbà tí aró máa ń mu ọwọ́ àwọn obìnrin ilé wa dé ìgbọ̀nwọ́.

Òfin kan wà nínú agboolé náà. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, a gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí àpáta àti ọ̀nà odò, kí a sì fi igi dábùú rẹ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kàn án, a kò gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìbátan wa kan láti Ọ̀dẹ̀dá ti dúró síta rí pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí. Nígbà tí a ṣí i fún un, ó ní oorun àwọn ará ilé yìí ju ti òkú lọ. Bí mo bá bi Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, pé kí nìdí, ìdáhùn kan ló ní: "Bí a ṣe bá a nìyẹn."

Ráfíà ni ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ máa ń bá Ìyá Àgbà rẹ aṣọ. Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ gbé àdìrẹ kan tí a sá fò kọjá ògiri ẹ̀yìn. Ráfíà ló yẹ kó ṣọ́ ọ, ẹ̀rù ìyá rẹ̀ sì bà á. Ó ní kí n má pariwo, ó yọ igi ìdábùú, ó jáde. Mo dúró ti ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ tó fi wọlé, àdìrẹ náà wà ní àyà rẹ̀.

"Ta ni obìnrin tó jókòó sídìí àpáta yẹn?" ló bi mí. "Ó ní ṣé ogun ti lọ."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀."

Mo yọjú. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ipa ẹsẹ̀ Ráfíà nìkan ló wà lórí eruku.

Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́, kò nà wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní nígbà ogun Dàhòmì, àwọn ọ̀tá yọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ará ilé sì ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin ilé kan wà lódò. Ó sáré dé, ó kànlẹ̀kùn, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn kò bá a.

"Ogun tán, wọn ò yé tì í," ni Ìyá Àgbà wí. "Ojú ló ń tì wọ́n. Bó bá ti di òfin, ta ni yóò bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ṣí i lọ́jọ́ yẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu, ó kúnlẹ̀. "Ogun ti lọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

A kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà dìde, ó yà sápá kan, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ kọjá.

Ọjọ́ kẹta pé, àwọn ìyàwó ilé tún ti ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà wò wọ́n, ó padà sídìí aró rẹ̀.

Ráfíà ti di ará ọ̀run. Odò ti di gọ́tà, igi ìdábùú ti di àgádágodo ńlá. Mo lọ sí agboolé náà lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ó gbọ́ ọ dópin, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrántí, Mà," ló wí.

Ó wo aago, ó dìde, ó ń lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀, mo ká ẹsẹ̀ mi kò kí ìyàwó náà lè ráyè kọjá lọ tì í.