Orúnkún Àǹtí Mi

Tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, Àǹtí mi ní Ìwàrò-Ọ̀kà ni mo máa ń rántí. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìkàrẹ́, tàwọn ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti làkúrègbé. Àpò kan náà ni òògùn wọn àti ṣọ́ọ̀kì ìsàmì-aṣọ ń gbé. Wọ́n ti fi hóró òògùn fa ìlà sí aṣọ oníbàárà rí.

"Orúnkún mi ló fẹ̀yìntì," wọ́n á ní, "èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ni ọ̀gá wọn. Láràárọ̀, ọ̀gá á kúnlẹ̀ kí tíṣà rẹ̀, tíṣà náà á sì rọra kúnlẹ̀ kí ọ̀gá. Àwọn oníbàárà á ní sùúrù.

Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù wọn, tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá gbé àga sílẹ̀ pé kí wọ́n jókòó gba àdúrà. Àǹtí kọ̀, wọ́n ní ṣé wọ́n ń jókòó gba ìwúre ọ̀gá ni. Wọ́n kúnlẹ̀. Ọ̀gá ṣàdúrà títí, a sì ń ṣàmín. Nígbà tó parí, Àǹtí ò kúrò nílẹ̀.

"Mà, ṣé ó tún ku àdúrà kan ni?"

"Ó kù, Ọ̀gá mi. Ẹ bá mi gba ti ìdìde."