Kí Sẹ́ẹ̀lì Tó Pinnu

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí bí mo ṣe fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Lomé, láyé ìjọba Faransé. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti pẹ́ nílùú náà, ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá a tajà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọkọ, bàbá ní èmi ló kàn, pé lẹ́yìn Iléyá, ṣọ́ọ̀bù ni. Ìdánwò mi sì kù sí dẹ̀dẹ̀! Mo sunkún títí. Gbogbo ẹbí ń sọ fún mi pé àyànmọ́ ò gbóògùn, àfi bíi pé àìsàn ni ìwé tí mo ń kà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa, ará Àjàṣẹ́ kan tí a ń pè ní Mùsíyé, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lédè Faransé, gbé ìgò kan wọ kíláàsì. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ tó bù nínú adágún òjò ló wà nínú rẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ẹyin kọ̀ọ̀kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀, pé ó ń pín ara rẹ̀ títí yóò fi di ọlẹ̀, tí apá kan á di awọ, tí apá kan á di ọpọlọ. Ó ní àwọn onímọ̀ kan nílùú òyìnbó ti gé díẹ̀ lára ibi tó yẹ kó di awọ ikùn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọpọlọ yóò wà. Bí wọ́n bá tètè gé e, ó ń di ọpọlọ bíi ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ̀pa ò bóró mọ́: awọ ni yóò jẹ́ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí.

Mo sáré bá a níta.

“Mùsíyé, ìgbà wo gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń pinnu?”

“Tóò, ọmọ mi, ojú ò lè rí i. Èyí tó ti pinnu àti èyí tí kò tíì pinnu, bákan náà ni wọ́n rí. Àfi ká gbé e kúrò níbi tó wà ká tó mọ̀.”

Irú èsì wo nìyẹn? Ọjọ́ ni mo ń béèrè! Síbẹ̀, mo ti rí ohun tí n ó fi bá bàbá jà.

Ní Ọjọ́bọ̀, tí a kì í lọ sílé ẹ̀kọ́, mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Bàbá ń jẹ obì.

“Bàbá, ẹ ti pẹ́ jù,” ni mo wí. “Ìwé ti wọ̀ mí lára. Bí ẹ bá gbé mi wá síbí, n ò lè di oníṣòwò mọ́. Bí awọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ọpọlọ ni n ó ṣe wà.”

“Ta ló lẹ awọ mọ́ ọpọlọ?”

Mo ń ṣàlàyé lọ nígbà tí obìnrin Mina kan wọlé, tó nawọ́ sí aṣọ kan lókè. Mo fa ìgàn náà wálẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí i kó lè rí i pé àwọ̀ ẹ̀yìn ò yàtọ̀ sí tojú, mo fi èdè Mina sọ fún un pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí. Nígbà tó dá owó yẹpẹrẹ lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ mi, n ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó tètè fi kún un, ó rà á. Mo yíjú padà sí bàbá kí n lè bá ẹjọ́ mi lọ.

Bàbá ti gbé obì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ níyẹn?”

Mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi, mo ronú kan ìyá mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

“Kí o tó mọ ọ̀nà ilé ìwé,” ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ò sì le rárá, “abẹ́ tábìlì yìí lo ti ń rá kòrò.”

 Mo bú sẹ́kún ìbínú, nítorí pé èmi náà ti rí i: ọwọ́ mi ò ṣi ohunkóhun ṣe lórí aṣọ náà, bí ẹni pé ó ti pinnu tipẹ́.