Káàdì Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi

"Ẹ dá odó yẹn dúró ná." Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń sọ nìyẹn nígbàkígbà tó bá gbé káàdì ohùn mìíràn dé láti Bassila, tó fẹ́ dán an wò nínú kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe géèmù. Iṣu á tutù sínú odó, iyán á ní kókó. Òun á dijú, á mi orí: "Èyí náà ò dáa. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá lẹ́yìn mi." Ó ti sú mi.

Lánàá, ó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dé kásìkì tó fi ń gbọ́ ohùn géèmù bo etí, ó ń rẹ́rìn-ín. Òjò dé bá kajú tá a sá sí àgbàlá. Èmi àti ìyá wa pè é títí kó wá bá wa kó o, òjò ń lu páànù lórí rẹ̀. Ìgbà tó jáde, ó wo aṣọ wa tó rin gbingbin, ó ní, "Àṣé òjò rọ̀?"