Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Dúró De Kọ̀ǹpútà Tuntun

Inú máa ń bí mi sí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé èèyàn ni. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní ìlú Dassa: mò ń ya ìgbéyàwó, mò ń ya ìsìnkú, mò ń gé e, mò ń so ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo fi ń ṣe é ti gbó. Bí mo bá ní kó so fídíò wákàtí kan pọ̀, màá se oúnjẹ, màá jẹ ẹ́, màá fọ abọ́, síbẹ̀ ilà tó ń fi ibi tó ṣiṣẹ́ dé hàn kò ní kúrò lójú kan. Màá jókòó, màá dìde, màá tún lọ dúró lójú fèrèsé. Mo dà bí ẹni tó gbé odó mì, ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí.

Nígbà tí ìyá mi kú, fídíò rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi pọ̀ gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ti yà á nílé wa ní Soclogbo: ó ń bẹ iṣu, ó ń lé adìyẹ, ó ń bú mi pé kí n gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ kí n wá bá òun gbé omi. Lẹ́yìn mísà ìrántí rẹ̀, bàbá mi pè mí jókòó. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà, dókítà sì ti sọ pé tòsì ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sí oògùn tó lè dá a dúró. Bàbá ní òun fẹ́ rí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sọ ọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò.

Mo fẹ́ kí fídíò ìyá mi tí màá so pọ̀ fún un dára, mo sì pinnu pé kọ̀ǹpútà tuntun ni màá fi ṣe é, irú èyí tí mo ní gan-an, torí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Àlàájì kan ń ta irú rẹ̀ ní ọjà Dassa. Mo wo èyí tó kó dé: pùròsẹ́sọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tó fi ń ṣiṣẹ́, kò yàtọ̀ sí ti ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n pa dà. Mo ní màá dúró de èyí tó ń bọ̀. Èyí tó ń bọ̀ dé, ó tín-ín-rín sí i, ọpọlọ kan náà. Lọ́dún kẹta wọ́n fún un lórúkọ tuntun, eré tó fi kún tàtẹ̀yìnwá kò sì tó nǹkan. Mo bú àwọn tó ṣe é níwájú Àlàájì títí ó fi bi mí pé, "Tántì, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?" N kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò tún mẹ́nu kàn án. Nílé wa, bàbá kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Inú àṣà yìí ni mo dàgbà sí, síbẹ̀ mo rò pé ó ń ṣe sùúrù ni. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá ṣàròyé kọ̀ǹpútà, á sì máa mi orí.

Lọ́jọ́ Sunday kan nígbà ọyẹ́, mo kí i, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí n kò sí. Ojú òsì rẹ̀ náà ti lọ.

Mo pa dà sí Dassa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. N kò yà lọ́dọ̀ Àlàájì. Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ni mo kó gbogbo fídíò ìyá mi lé lórí. Mo pariwo mọ́ ọn, mo rìn yí i ká, mo jókòó tì í. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sá fún ọjọ́ mẹ́rin péré. Ojú ti mí gan-an.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ fún Bàbá, mo sì tan fídíò náà lórí tábìlì rẹ̀. Bí ohùn ìyá mi ṣe jáde, ó sún àga rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan tábìlì, ó sì kọjú sí i tààrà. Ó bi mí pé:

"Kí ló wọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní ìró aláwọ̀ ewé ni, etí rẹ̀ ti ya. Mo ní ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó ń wò mí, ó ti fẹ́ bú mi.

"Rọra máa sọ ọ́," ni Bàbá wí. "Má fo ìkankan."

Fídíò náà ń sáré ju ẹnu mi lọ. Mo dá a dúró, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀.