Mo Lọ Wo Òfàfà inú Kàtúùnù ní Aládé-Ìdànrè

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo ti wà ní gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn, tí mo ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná. Ìyàwó mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi jáde nílé: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń jí lóru sáré lọ wo kàtúùnù! Ohun tó wuni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni mo san dé Àkúrẹ́. Láàárín Ifẹ̀ sí Iléṣà, kòtò ojú ọ̀nà gbọ̀n wa bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà. L'Ákùúrẹ́, mo wọ takisí Ìdànrè. Nígbà tó ṣe, àwọn òkè yọ. N'Ìbàdàn, àwa la kọ́lé lé òkè lórí. Níbí, òkè ló dúró lé àwọn èèyàn lórí.

“Òkè lẹ wá gùn, Bàbá?” dírẹ́bà bi mí.

“Kàtúùnù ni mo wá wò.”

Ó yíjú wò mí débi pé ọkọ̀ fẹ́ yà sí kọ̀tà. “Ẹ̀yin fúnra yín? Ọmọọmọ yín ńkọ́?”

“Ó wà nílé, ó ń kàwé.”

Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ lọ́yà l'Ákùúrẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ya kàtúùnù náà. Fúnmi lorúkọ rẹ̀. Aládé-Ìdànrè ni ilé bàbá wọn, ṣùgbọ́n Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Fúnmi fi yà á, òun nìkan, láìsí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán méjìlá ni ìṣẹ́jú-àáyá kan ń jẹ, ọwọ́ ló sì fi ń yà á. Àlọ́ tí ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, pa fún un ló wà nínú rẹ̀: ìyá òfàfà, ẹranko kékeré aláìnírù tó máa ń ké lórí igi, ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù láti orí àpáta dé inú oko kòkó. Mo ti rí apá tó kẹ́yìn lórí fóònù, mo sì yìn ín títí ẹnu fi ń ro mí. Ìdíje kan wà tó fẹ́ fi í sí, ọjọ́ Ajé sì ni gbèdéke rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí Màmá àti àwọn ará Aládé kọ́kọ́ wò ó.

Nígbà tí mo dé Aládé, iyán àti ẹ̀fọ́ ló fi gbà mí lálejò. Èmi tí wọ́n fi ọkà tọ́, mo tún béèrè òmíràn. Òun kò lè jẹun.

“Dádì,” ó ní fún mi, “bí Màmá bá ní èyí kì í ṣe àlọ́ tòun, mi ò ní fi í ránṣẹ́.”

Nínú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n ti fi tapólíìnì tí wọ́n ń sá kòkó lé bo gbogbo fèrèsé, kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Màmá jókòó níwájú, àwọn alágbàṣe oko wà lẹ́yìn. Òjò ń ṣàn lára àpáta nínú àwòrán náà, òfàfà sì ké. Inú mi dùn débi pé mo di àga mú. Ìyá òfàfà wá gun igi kòkó dé ṣóńṣó ẹ̀ka, níbi tí èso kòkó ti ń fì dirodiro, ọmọ rẹ̀ tó sọnù sì rọ̀ mọ́ ọ̀kan. Omi ti lé ròrò sójú mi.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Ugi kí nìyí?” Màmá béèrè. Ugi ni wọ́n ń pe igi níbẹ̀.

Fúnmi dá kàtúùnù náà dúró. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe, Làmídì ará Ìsẹ́yìn, dìde. “Sísítà, ẹ má bínú. Kòkó kì í so sí ṣóńṣó ẹ̀ka bíi máńgòrò. Ara ìtì igi ló ti ń so, nígbà míì ibí yìí ni.” Ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀.

Ojú tì mí. Àwòrán yẹn gan-an ni mo yìn jù, èmi tí mò ń mu kòkó láràárọ̀! Fúnmi ti ń sunkún: “Ọdún mẹ́rin!”

Màmá kò tíì ṣe tán. “Bí kòkó bá wà nísàlẹ̀, kí ni ìyá òfàfà ń wá lókè?”

Ẹkún Fúnmi dá. Ó mú pẹ́ńsù àti ìwé, ó ní kí Làmídì mú òun lọ sí oko ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ya igi kòkó bó ṣe rí, ó wá gbé ìwé mẹ́rin sókè níkọ̀ọ̀kan fún wa. Ìyá òfàfà ń gun igi. Ó dé òkè pátápátá. Ó ń ké sí gbogbo òkè Ìdànrè. Nínú ìwé ìkẹrin, ọmọ rẹ̀ sùn sẹ́yìn èso kòkó nísàlẹ̀ igi.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ó ti kọjá lára ọmọ rẹ̀,” Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì fi etí ìborùn nu ojú.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sílé. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀: mo ti yin ọmọ náà púpọ̀, mi ò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Ṣé Fúnmi ti fi í ránṣẹ́?” ìyàwó mi béèrè.

“Rárá. Ó ń tún ìparí rẹ̀ yà. Ó di ìdíje ọdún mìíràn.”

“Yéè! Ọmọ ọlọ́mọ! Ṣé ẹ bá a kẹ́dùn, Bàbá Ṣadé?”

“Kẹ́dùn kẹ̀? Kí n tó kúrò níbẹ̀, Màmá ti ń pa àlọ́ yẹn fún àwọn ará ilé, ìparí tuntun tí Fúnmi yà ló sì fi parí rẹ̀.”