Ìfúnwọ́ Méjì

Lánàá, ní Bẹẹrẹ, mo pariwo mọ́ ọmọ-ọmọ mi, Ṣadé, débi pé àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì dìde dúró. Takisí kan ń bọ̀, ọmọ náà sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sójú ọ̀nà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú o. Mo lè rọra fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, kó mọ̀ pé kó dúró. Ariwo ni mo yàn. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá tán, ó fajú ro.

"Ìyá àgbà, ojú ń tì mí o. Ẹ kúkú ti di ọwọ́ mi mú."

Nílé pẹ̀lú, Ìyá Aláriwo ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé etí mi ti di. Etí mi ò di rárá. Mo máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n bá ń pè é. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ibi tí ariwo yìí ti wá fún yín.

Ìdí Arẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo gbọ́njú, rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni, àwọn àgbàlagbà sì ń wọ aṣọ tó dáa lọ wò ó bí ẹni ń lọ wo ìyàwó. Ọ̀mọlé ni bàbá mi, ilé alámọ̀ ló ń mọ. Ẹ̀yìnkùlé ẹni tí wọ́n ń mọlé fún ni wọ́n ti ń wa amọ̀, àwa ọmọdé la sì ń wọnú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè kúnná. A máa ń di ara wa lọ́wọ́ mú kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rì, á fún ọwọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn á fún ti ẹlòmíì, gbogbo wa á sì dúró. Bí ilé bá parí, kòtò á ṣẹ́kù, omi òjò á kún un, koríko á bò ó. Wọn kì í dí i, torí wọ́n ṣì máa padà wa amọ̀ níbẹ̀ láti fi tún ògiri ṣe.

Inú ẹrẹ̀ yẹn ni mo ti rí eré mi. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi ni olórí rẹ̀, mo sì le ju tíṣà lọ. Ọmọ márùn-ún á tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú. A ó fi aṣọ di ojú gbogbo wọn, àfi ti ẹni ẹ̀yìn pátápátá. Òun ló ń ríran fún wọn. Ìfúnwọ́ kan: ẹ máa lọ. Méjì: ẹ dúró. Ọwọ́ dé ọwọ́ ló máa fi dé iwájú, títí ẹni iwájú á fi kan igbá tí a gbé pamọ́. Ẹni tó bá fọhùn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù nìyẹn, wọ́n á sì pọn omi odò fún àwọn tó borí.

Ràbíátù, ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Rábí, ló máa ń wà níwájú. Ilé tó kángun sí tiwa ni wọ́n ń gbé, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Tí a bá ti dì í lójú, á máa rìn bí ẹni tó ń lọ sọ́jà.

"Ṣebí ìwọ lò ń wò mí," ló máa ń sọ. "Kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, àwa àti àwọn ọmọ òdìkejì ọ̀nà jọ figagbága. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti borí wa, a ti pọn omi fún wọn títí ọrùn fi ń dùn wá. Rábí wà níwájú, Àbẹ̀ní àbúrò mi tẹ̀lé e, ọmọ méjì míì tẹ̀lé Àbẹ̀ní, èmi sì wà lẹ́yìn. Abẹ́ igi ọsàn ni igbá wà, lẹ́bàá kòtò amọ̀. A kù díẹ̀ ká dé ibẹ̀ nígbà tí mo rí i pé Rábí ti ṣìnà. Mo fún ọwọ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé. Bí mo bá pariwo, a ti pàdánù. Mo ní ìfúnwọ́ á dé, ó máa ń dé. Ẹ̀yin ọmọ, ìkòkò omi ni mò ń rò. Rábí gbé ẹsẹ̀ lé koríko tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Àbẹ̀ní sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí ìfúnwọ́ mi ṣe dé ọwọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Rábí yọ̀ bọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wá pariwo. Bàbá mi àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sáré dé, wọ́n kó sínú omi, ṣùgbọ́n etí kòtò ń yọ̀, omi sì dúdú. Ó pẹ́ kí ọwọ́ wọn tó bà á. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín.

Kí wọ́n tó gbé e lọ, ìyá rẹ̀ ti sáré dé láti Ọjà'ba. Kò sunkún. Ó dúró níwájú wa, ó ń wo àwọn aṣọ ìdìjú tí a ti tú jù sílẹ̀.

"Ta ni ojú ẹ̀ ò sí nínú aṣọ nínú yín?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Lóòótọ́, mo fẹ́. Àbẹ̀ní dúró tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì fún un ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyẹn dé lásìkò. Mo dákẹ́.

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi dí kòtò náà. Ìyá Rábí pẹ́ láyé. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á gbé ọwọ́ lé mi lórí: "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á dá ẹ sí." Mo máa ń ṣe àmín, mo sì máa ń tètè dìde. Ó kú láìmọ̀ pé èmi ni. Àbẹ̀ní náà ti lọ. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń kọ́lé báyìí, ọmọ kankan kì í tẹ amọ̀ mọ́. Ohun tí kò yí padà ni pé ọmọ tí a bá dì lọ́wọ́ mú gbà pé à ń wo iwájú fún òun. Ẹ máa pè mí ní Ìyá Aláriwo, mo gbà. Ṣadé ní ojú ń ti òun. Kí ojú máa tì í. Ó bínú sí mi títí a fi délé, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọwọ́ mi.